Ẹ Fi Yuno Sílẹ̀, Yukiteru Ni Kí Ẹ Máa Sá Fún

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, pé ta ló bani lẹ́rù jù nínú Mirai Nikki, ẹnu wọn á kò: Yuno Gasai. Ọmọdébìnrin iléèwé, irun aláwọ̀ pínńkì, àáké lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó fẹ́ràn. Wọ́n ti tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, wọ́n sì ti sọ ọ́ di àpẹẹrẹ gbogbo obìnrin tí ìfẹ́ gùn bí ẹlẹ́gùn-ún. Èmi náà ti ka ìtàn yẹn tán, ìdìpọ̀ 12, mi ò sì bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó máa lé oorun lójú òǹkàwé ni Yukiteru Amano, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí Yuno fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀: màá sọ ìtàn náà débi tó parí sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀, kó ṣí ojú ewé eré bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mò ń kọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya àti ti àfẹ́sọ́nà ni tèmi. Àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo sì ń dá wọn lóhùn bó bá ṣe yé mi. Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì ló gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ nígbà tó wá kí mi. Mo ṣí i bí mo ṣe ń ṣí ìwé, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Bíìgì Mọ́mì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, ọwọ́ ọ̀tún lẹ ti máa kà á wá sí òsì." Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí màá sọ nípa ọmọbìnrin inú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ibẹ̀ ló wá gbà mí lọ́kàn.

Ìtàn náà rèé. Sakae Esuno ló kọ ọ́, òun náà ló ya á. Inú ìwé ìròyìn Shōnen Ace ti ilé iṣẹ́ Kadokawa ló ti ń jáde láti 2006 títí di 2010, wọ́n sì sọ ọ́ di fíìmù aláwòrán alápá 26 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ọlọ́run kan wà, Deus Ex Machina lorúkọ rẹ̀, òun ló ni àkókò, òun ló ni gbogbo àyè tó wà láyé, ikú sì ti fẹ́ mú un lọ. Ó ń wá ẹni tó máa gorí àga lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní afọbajẹ, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èèyàn 12 ló ṣà, ó sọ ìwé ìrántí wọn, tó jẹ́ fóònù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, di ìwé tó ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pa ara wọn. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù ló ni ipò náà. Bí fóònù ẹnì kan bá fọ́, olúwa rẹ̀ náà parẹ́ nìyẹn. Bí ikú bá sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀rọ̀ méjì á yọ lójú fóònù: DEAD END.

Àrà tí Esuno wá dá wà nínú fóònù àwọn méjì yìí. Yukiteru jẹ́ ọmọ tó máa ń dá jókòó, tó ń wo àwọn ẹlòmíì, tó sì ń kọ ohun tó bá rí sínú fóònù. Nítorí náà, fóònù rẹ̀ ń sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ̀, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa òun fúnra rẹ̀. Ti Yuno yàtọ̀. Yukiteru nìkan ló wà nínú fóònù tirẹ̀: ibi tó wà, ohun tó ń ṣe, ewu tó ń bọ̀ wá bá a, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa Yuno alára níbẹ̀. Ọmọkùnrin rí gbogbo ayé, kò rí ara rẹ̀. Ọmọbìnrin rí ọmọkùnrin, kò rí nǹkan míì. Bí wọ́n bá jọ wà, apá ò ká wọn. Bí wọ́n bá pínyà, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Gbogbo olólùfẹ́ ló máa ń sọ pé "mi ò lè wà láyé láìsí ẹ." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lẹ́nu tiwa. Esuno mú un, ó sọ ọ́ di òfin ìdíje. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìfẹ́ ló so àwọn méjèèjì pọ̀ tàbí ẹ̀rù ikú, Yukiteru pàápàá ò lè sọ. Ohun tó ń mú kí ara èèyàn bù máṣọ nìyẹn. Ti àáké kéré sí i.

Nígbà tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀, fóònù oníbọ́tìnnì tó ń ṣí tó ń padé ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé inú rẹ̀. Fóònù ti yí padà, ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Nínú lẹ́tà tí mò ń gbà, ọ̀rọ̀ fóònù ló pọ̀ jù: ọkọ yìí ti ka WhatsApp ìyàwó, àfẹ́sọ́nà tọ̀hún ní kí wọ́n tan location sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọmọbìnrin kan ń ṣọ́ aago tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ lálẹ́. Gbogbo wọn ló ń ráhùn pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn. Ohun tí wọn kì í sọ ni Esuno sọ, pé nígbà míì ó máa ń dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ò ní ṣìnà, kò ní dá nìkan jẹun, ẹnì kan á ti mọ ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Yukiteru ò ní ọ̀rẹ́ kí ìdíje yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá rí ẹni tó mọ gbogbo èémí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, ó ṣe bí ẹni pé ẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìtàn ò tíì jìnnà tó fi dé ilé Yuno. Kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé, ó ṣí i. Òkú mẹ́ta ló bá nílẹ̀, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo lọ bu omi mu. Yukiteru fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bó ṣe yẹ kí ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe nìyẹn.

Ó tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣá. Ó padà nítorí pé láìsí fóònù Yuno, kò ní rí ọ̀la. Ó gbé ọ̀rọ̀ òkú mẹ́ta yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́kàn rẹ̀. Bí ewu bá dé, ó di "ọ̀rẹ́bìnrin mi". Bí ewu bá rékọjá, ó di ẹni tó ń wá ọ̀nà àtisá mọ́ ọn lọ́wọ́. Yuno ń pààyàn nítorí rẹ̀, òun á sì máa gbọ̀n, á máa sunkún pé ọmọbìnrin yìí burú. Ta ni èrè ìpànìyàn náà ń wọlé fún? Òun náà kọ́?

Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi nígbà kan. Ó ní ọmọbìnrin kan ń san owó iléèwé òun, ó ń gbé oúnjẹ wá fún òun lópin ọ̀sẹ̀, ó sì ti lérí pé òun á pa ara òun tó bá fi òun sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀, pé orí rẹ̀ ti yí, ó wá ní kí n gba òun nímọ̀ràn. Mo kọ́kọ́ ní kó wá àgbàlagbà tó máa tètè bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ kí èèyàn pa ara rẹ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Mo wá bi í léèrè pé: owó iléèwé ńkọ́, ṣé orí tó yí yẹn náà ló ń san án? Kò kọ̀wé sí mi mọ́. Nígbà tí mo ka Yukiteru, bíi kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i.

Ẹ tún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìdíje, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú kíláàsì, olúkúlùkù ní bébà níwájú tó yẹ kó kọ ohun tó fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú sí, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kọ nínú wọn. Àwọn òbí Yukiteru ti kọra wọn sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí wọ́n padà bára wọn, kí gbogbo wọn jọ lọ wo ìràwọ̀. Yuno ní òun á fẹ́ ẹ. Yukiteru rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, tí àwọn bá dàgbà. Ó gbàgbé. Ohun tí ẹnì kan fi ṣàwàdà ni ẹnì kejì fi mulẹ̀, kò sì sí ẹjọ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti dá. Mo mọ̀, torí irú rẹ̀ ni mo fi ń jẹun.

Esuno kọ́ ló dá irú ìtàn yìí sílẹ̀. Koushun Takami ti gbé Battle Royale jáde ní 1999: ọmọ kíláàsì kan, àwọn 42, ìjọba kó wọn sí erékùṣù, wọ́n fi irin tó lè bú gbàmù sí wọn lọ́rùn, wọ́n ní kí wọ́n para wọn títí tó fi máa ku ẹnì kan. Kinji Fukasaku sọ ọ́ di fíìmù ní 2000, àwọn aṣòfin kan ní Japan sì bínú sí i gan-an. Fukasaku ò tìtorí wọn mikàn. Ọmọ ọdún 15 lòun fúnra rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ló wà tí wọ́n ń yìnbọn lù wọ́n, òun àti àwọn tó kù láàyè ló sì kó òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Takami àti ayàwòrán Masayuki Taguchi náà tún jọ sọ ìtàn ọ̀hún di manga ìdìpọ̀ 15.

Ibì kan wà nínú Battle Royale tó kọ́ gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e níṣẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́fà, ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn, sá sínú ilé gogoro oníná tí wọ́n kọ́ sétí òkun fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń pín iṣẹ́ ṣe. Ọmọkùnrin kan, Shuya, tó fara gbọgbẹ́, wà lókè tí wọ́n ń tọ́jú, ọ̀kan nínú wọn sì ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ẹ lọ́kàn. Àmọ́ Yuko, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà yìí, ti fojú ara rẹ̀ rí ikú kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ Shuya, kò mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó fi májèlé sínú oúnjẹ tó jẹ́ ti Shuya. Ọmọbìnrin míì ṣì í jẹ, ó ṣubú lulẹ̀, ó kú. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó kàn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ìwọ lo se é!" "Ìwọ lo gbé e wá!" Ìbọn dún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yìí ti run ara wọn, ó ku Yuko, òun náà sì já bọ́ látorí ilé gogoro náà. Kò sí ọ̀tá kankan tó wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ẹnì kan tó ń fura ló tó.

Haro Aso náà rìn lọ́nà yẹn nínú manga Alice in Borderland, tó kọ láti 2010 sí 2016. Káàdì ló fi pín eré ikú rẹ̀ sí ìsọ̀rí: àwọn kan fún agbára, àwọn kan fún ọpọlọ, àwọn kan fún àjọṣe. Èyí tó ní àmì ọkàn ló burú jù, torí pé àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń fi síra wọn níbẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí àwa náà. Mọ́remí, akọni obìnrin Ilé-Ifẹ̀ ayé àtijọ́, dé ilẹ̀ àwọn Ùgbò tó ń kógun ja Ifẹ̀ bí ẹrú, ó di aya ọba wọn, ó gbọ́ àṣírí àwọn jagunjagun wọn tó ń fi koríko bora lẹ́nu ọkọ, ó sá wálé, iná sì sọ̀rọ̀. Ère rẹ̀ ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 2016, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ẹni tó béèrè bí oorun ṣe rí lójú ọkùnrin tó tú àṣírí ìlú rẹ̀ fún aya tó fẹ́ràn. Ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé Japan yìí máa ń lọ jókòó sí.

Ká padà sọ́dọ̀ Esuno. Ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Olópàá kan wà tó gbèjà àwọn ọmọ méjèèjì títí àìsàn ọmọ tirẹ̀ fi yí i padà. Èyí yé mi, mo tiẹ̀ káàánú rẹ̀. Bàbá Yukiteru, onígbèsè, gbà láti fọ́ fóònù ọmọ bíbí inú rẹ̀ kí wọ́n lè bá a san gbèsè. Nígbà tí ilé gogoro tí wọ́n wà fẹ́ wó, ó gbé parachute kan ṣoṣo tó wà, ó bẹ́, ó fi ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbẹ̀mí ìyá ọmọ. Ojú ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí Yukiteru ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀.

Àwọn Marco àti Ai ni mo gbádùn jù. Ọmọ tí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tọ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ pín ipò keje láàárín àwọn 12 tí Deus ṣà. Fóònù Marco ń sọ ọ̀la Ai, ti Ai ń sọ ọ̀la Marco. Ó jọ ètò ti Yuno àti Yukiteru lójú, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sá níbẹ̀: ọ̀kan ò fi ojú ẹrù wo èkejì. Jàǹdùkú pọ́ńbélé ni wọ́n o, mi ò ní kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n kú pọ̀ sínú ilé tó wó, wọn ò jáwọ́ lára ara wọn. Esuno gbé wọn síwájú Yukiteru kó lè rí bí òtítọ́ ṣe ń rí. Ó rí i, kò mú un lò.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ikú àwọn òbí rẹ̀ ló jẹ́ kí n dájọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun á di ọlọ́run, òun á jí gbogbo òkú dìde. Nítorí náà, kò sí ohun tó burú nínú pípa ẹnikẹ́ni nísinsìnyí, òun á tún un ṣe tó bá yá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìwọ̀nba wá bá a, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó kú ti kú. Ó yìnbọn pa wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ "màá san án padà fún ẹ, ṣáà fara dà á" lẹ́nu ẹni tó ń jẹ yín run, ẹ mọ ohùn yẹn.

Yuno wá ńkọ́? Apànìyàn ni, mi ò bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá tó gbà á tọ́ máa ń tì í mọ́ inú àgò irin, ebi á máa pa á. Ọjọ́ kan ó yí ọwọ́ padà, ó ti àwọn òbí náà mọ́ ọn, wọ́n kú síbẹ̀. Òkú kẹta inú yàrá yẹn ló wá tú gbogbo ọ̀rọ̀: Yuno fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí à ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ wá láti ayé mìíràn, níbi tí òun àti Yukiteru ti kù sẹ́yìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Wọ́n fẹnu kò láti jọ kú. Ọmọkùnrin kú, Yuno ò kú. Ó gorí àga, ó rí i pé òun ò lè jí i dìde, ló bá fò padà sẹ́yìn, ó pa ara rẹ̀ tó bá níbẹ̀, ó gba ipò rẹ̀, kó lè tún gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà. Ìyẹn ni pé ó ti da Yukiteru kí ojú ewé kìíní tó ṣí. Ó sì tún ti múra láti dà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kó pa á níbí kó lọ bá òmíì ní ayé tó kàn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dàlẹ̀ ni, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ lòun, ó sì ń gbé e kiri bí ẹrù. Nígbà tó dé ojú rẹ̀, kò lè ṣe é. Ara rẹ̀ ló gún.

Mi ò ní torí èyí sọ pé ìwé náà ò ní àbùkù. Ìbúgbàmù rẹ̀ ti pọ̀ jù láti àárín lọ, àlàyé ayé kìíní, ayé kejì, ayé kẹta ń dà mí lórí rú. Bí wọ́n ṣe ń ya ara àwọn ọmọbìnrin kéékèèké níbẹ̀ sì bí mi nínú; ìtàn náà ò nílò rẹ̀, títà ni wọ́n fẹ́ tà. Ẹni tó bá fẹ́ ìbẹ̀rù tó mọ́ ju èyí lọ, kó lọ ka ilé gogoro Takami.

Yukiteru borí. Ó di ọlọ́run ayé tó ti ṣófo, ó jókòó sínú òkùnkùn fún ọdún 10,000, fóònù lọ́wọ́, kò dá ohunkóhun. Mo ní ìdájọ́ òdodo nìyẹn. Ọdún 2013 ni wọ́n wá gbé fíìmù kékeré àfikún kan jáde, Redial, tí Yuno míì fi padà wá bá a. Àwọn olólùfẹ́ ìwé náà pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kó tó ronú pìwà dà.

Ìyá tó bá rí ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 11, kó gbà á. Kì í ṣe ìwé ọmọdé rárá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ti ń sún mọ́ 18, tó ti ní ẹni tó ń pè lórí fóònù lóru, ẹ má ṣe sun ún níná. Ẹ̀yin gan-an ẹ kọ́kọ́ kà á, kí ẹ fún òun náà, kí ẹ wá bi í pé ta ló jẹ̀bi. Bó bá ní Yuno ni, ẹ ní kó lọ tún un kà.